Ẹlẹ́rìí Mẹ́rin Lábẹ́ Dátsìn

Bọ́lọ́rundúró,
Ọjọ́ Ẹtì.

Adéọlá ọmọ mi àtàtà,

O kú ewu ọmọ, o kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ kò ní jẹ́ kí ayọ̀ náà bà jẹ́. Ara ìyá rẹ le, ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó máa ń dùn mí bí òjò bá ṣú. Kòkó so dáadáa lọ́dún yìí, ọ̀kẹ́rẹ́ sì ti mọ̀ ṣáájú wa. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ ìjì ti wó òpó tó ń gbé ọ̀rọ̀ wá sọ́dọ̀ wa lulẹ̀, ni mo ṣe ní kí Kìtán ọmọ àbúrò mi tó ń bá mi wakọ̀ mú lẹ́tà yìí lọ́wọ́, torí òun ni yóò wa ọkọ̀ mi gbé ìyá rẹ wá sí Àkúrẹ́ lọ́la fún ìkómọ.

Ọ̀rọ̀ táyà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí o fi ránṣẹ́ nígbà Àjíǹde, mo sì ṣe bí o ti wí, pé kí n má jẹ́ kí wọ́n de táyà kankan mọ́ ọkọ̀ Dátsìn mi láìka àkọlé tó wà lára rẹ̀, torí yíyẹ àkọlé ara ọjà wò ni iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe ní ọ́fíìsì yín. Mo wọ awò mi, mo kà á. Ó kọ ọ́ sára gbangba pé òun kì í ṣe tuntun, pé táyà ògbólógbòó tí wọ́n fi rọ́bà tuntun lé lójú lòun. Ó wù mí púpọ̀. Ta ló tún ń sọ irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀ láyé ìsinsìnyí? Ó ní òun kò gbọ́dọ̀ sáré kọjá ọgọ́fà kìlómítà ní wákàtí kan, mo sì fi dá a lójú pé lójú ọ̀nà oko tiwa, kó fọkàn balẹ̀.

Èyí tó wá ká mi lára ni ìwọ̀n ẹrù. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kílò ló kọ, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wo èkejì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo wo ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọkàn mi balẹ̀, torí ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni wọ́n, ẹnu wọn sì kò. Ògúnníyì fọkanáísà ní kí n má ṣe ara mi bẹ́ẹ̀, pé táyà kọ̀ọ̀kan ń sọ èyí tí òun nìkan lè gbé ni, kí n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kí n wá yọ ìwọ̀n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo bi í pé bí ẹlẹ́rìí mẹ́rin bá dé kóòtù, tí wọ́n ní ewúrẹ́ kan ló sọnù, ṣé ewúrẹ́ mẹ́rin ni adájọ́ máa ní kí olè dá padà? Ẹni tó ń jẹun lára táyà tó bẹ́, kí ni kò ní sọ.

Látìgbà náà ni mo ti ń wọn èrò kí wọ́n tó wọkọ̀ mi lọ sí Oǹdó. Òṣùwọ̀n kòkó tó wà ní sítọ́ọ̀ Adébùsóyè tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa la ń lò. Màmá Lọ́lá, olórí ẹgbẹ́ akọrin wa, gun orí rẹ̀, mo ka nọ́ńbà náà sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, ló bá bọ́ sílẹ̀, ó ní ṣé kòkó lòun ni, kò sì dáhùn ìkíni mi mọ́ títí di òní. Àwọn yòókù ti gba inú ọkọ̀ àwọn tí táyà wọn kò ní àkọlé, tó ń dán bí orí ìkókó. Àánú wọn ń ṣe mí.

Òwúrọ̀ yìí la wọn ẹrù ìkómọ. Ìyá rẹ gun òṣùwọ̀n, Kìtán gùn ún, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ méjèèjì gùn ún, a wá kó iṣu sí i, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àti epo pupa, àti igi ìdáná tí ìyá rẹ ní dandan ni, pé omi orí gáàsì kì í gbóná dénú. Nígbà tí èmi náà gùn ún, ó ti kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo yọ iṣu, ìyá rẹ dá a padà, ó ní abiyamọ gbọ́dọ̀ jẹun. Mo ní ká fi ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, ojú tó fi wò mí, mi ò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò, mo rí i pé ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe fún ọmọ tuntun, èmi ni. Mo bá sọ̀kalẹ̀. Ó dùn mí, Adéọlá. Ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́ ni, mo ti gẹ irun, mo ti lọ aṣọ. Ṣùgbọ́n ìwọ lo sọ pé àwọn tó ń fojú di àkọlé ló ń kú sójú ọ̀nà, mi ò sì ní fi ìyá rẹ dán an wò.

Jọ̀ọ́, bí ọwọ́ yín bá gbé e, ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ fi owó díẹ̀ rán Kìtán sí mi, torí èrò ti sá. Bí o bá sì mọ ẹni tó ń kọ nọ́ńbà náà, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó fi ìwọ̀n arúgbó kan kún un. Mi ò sanra. Àkùkọ inú apẹ̀rẹ̀ tí Kìtán gbé bọ̀ ni ti onítọ̀hún, a ti wọn òun náà.

Ẹ̀bùnolúwa ni mo sọ ọmọ náà, owó tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ wà nínú àpòòwé yìí, kí ìyá rẹ bá mi fi sínú omi. Yóò dàgbà, yóò gbọ́n, yóò tọ́jú rẹ ju bí o ti ń tọ́jú wa lọ. Bó bá wá bi ọ́ lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí bàbá òun àgbà kò sí nínú fọ́tò ìkómọ òun, sọ fún un pé mo ti múra tán, mo sì fẹ́ wá gan-an, táyà ni kò gbà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínkúnmi.