Bàbá, Mo Wo Bónọ́ọ̀sì Náà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá wà lórí ìdúró níbi tí ẹ wà yẹn, ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lóòró. Inú mi dùn débi pé mo ti fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, mi ò sì tilẹ̀ bínú. Ẹ wà nínú sídì fíìmù yín náà, Bàbá! Látọjọ́ yìí wá lẹ ti wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn fíìmù lẹ wà, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í dé.

Ẹ jẹ́ kí n rọra, kí n tò ó bó ṣe yẹ.

Nígbà tí àwọn onífíìmù gba ẹnubodè Nàìjíríà wọlé wá sí Kika, abúlé wa, èmi ò sí nílé. Tchaourou ni mo wà, mo ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ìgbà tí mo wá ṣọdún lẹ tó ròyìn fún mi pé wọ́n wá ya fíìmù lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní oríta, níbi tí ọ̀nà Alafiarou ti ya kúrò lára ọ̀nà oko kájú wa. Àsìkò ìdìbò ni. Àwòrán àwọn olùdíje kún ara igi náà, ọ̀gá onífíìmù sì ní kí wọ́n ṣí wọn kúrò. Ẹ ní ẹ gbà fún un, àmọ́ kó lẹ gbogbo wọn padà tó bá ṣe tán, láìku ẹyọ kan, torí pé láyé àtijọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ń ṣèjọba, àwòrán ẹnì kan ṣoṣo là ń rí lára ògiri, ẹ ò sì fẹ́ kí ojú yín tún rí irú ẹ̀ mọ́. Bóyá torí ẹnu yín tó mú yẹn ni wọ́n ṣe yàn yín. Wọ́n ń wá àgbàlagbà kan tí yóò júwe ọ̀nà fún arìnrìn-àjò, ẹ̀yin ni wọ́n mú. Ẹ ní ẹ sọ̀rọ̀ nínú fíìmù. Ẹ ní ẹ̀yin àti ọ̀gá wọn tilẹ̀ jọ jiyàn díẹ̀, ẹ sì borí. Kí lẹ jiyàn lé lórí? Ẹ ò sọ. Ẹ kàn ń rẹ́rìn-ín múṣẹ́, ẹ ní ká dúró kí fíìmù jáde.

Fíìmù sì jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo Kika pé sílé tonton Gàníyù, ọ̀rẹ́ yín tó dà bí àbúrò bàbá fún wa, torí òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ńlá àti gúrúpù tó ń fún un níná. Ẹ wọ bùbá funfun. Ẹ jókòó níwájú pátápátá, ẹ gbé fìlà yín kalẹ̀ sórí orúnkún bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè jáde. Èmi náà wà níbẹ̀, mo jókòó ti Ìyá. Arìnrìn-àjò dé oríta, mo di ọwọ́ Ìyá mú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kọjá lọ. Kò sí àgbàlagbà kankan. Ẹ fa ara síwájú, ẹ rò pé ó ṣì ń bọ̀. Fíìmù lọ, ó lọ, orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n, tonton Gàníyù sì dìde, ó pa gúrúpù bó ṣe máa ń pa á. Ni ẹnì kan bá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ yín ní Bàbá Fíìmù. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé nǹkan kan ò dá òun lójú, á ní ọ̀rọ̀ náà dà bíi fíìmù yín. Ẹ máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé kò dùn yín. Ǹjẹ́ kò dùn yín lóòótọ́? Kódà lọ́jọ́ tí a sin yín, nígbà tí àwọn èèyàn ń kí wa kú ọ̀fọ̀ lágbàlá, mo gbọ́ tí ẹnì kan ní kí Ọlọ́run dárí ji Bàbá Fíìmù. Kò ní i lọ́kàn láti bú yín. Orúkọ tó mọ̀ yín mọ́ nìyẹn.

Àmọ́ èmi gan-an ni mo jẹ̀bi jù wọ́n lọ. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí àwọn ẹbí ọkọ mi wá mọ ilé? Ẹ ti fún wọn lómi, ẹ ti ṣe wọ́n lálejò, ara tù yín, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti oríta. Ìtìjú bá mi. Lójú gbogbo wọn, mo ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ fíìmù yẹn sílẹ̀. Ẹ wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ àwọn àlejò bóyá òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà títí ẹ fi kú, ẹ ò tún sọ ìtàn yẹn létí mi mọ́. Ó dùn mí, Bàbá. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí, ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, ohun tó ń dùn mí ni pé mo dójú tì yín. Kò tíì yé mi nígbà yẹn pé òótọ́ ni mo pa mọ́ yín lẹ́nu.

Ẹ ò ṣàìmọ bónọ́ọ̀sì, àwọn nǹkan tí àwọn onífíìmù máa ń kó sẹ́yìn sídì lẹ́yìn tí ìtàn bá ti tán. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ìpolówó lásán ni. Bí a bá ti fọwọ́, oúnjẹ ti tán nìyẹn, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí, ẹ̀yin lẹ sì máa ń ní kí tonton Gàníyù sáré lọ pa gúrúpù kí ẹsáǹsì, epo tó ń mu, má baà ṣòfò. Mo mú òfin yẹn dé ilé ọkọ. Iná wà ní Tchaourou báyìí, ẹsáǹsì ò sí lọ́rọ̀ mi mọ́, síbẹ̀ bí orúkọ àkọ́kọ́ bá ti ń gòkè, ọwọ́ mi ti dé ara bọ́tìnì. Sídì yín tí mo gbà nígbà tí a pín ẹrù yín, mo ti wò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, torí igi máńgòrò wa àti ọ̀nà wa, ibẹ̀ náà ni mo sì máa ń bá a dé.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára bùbù ìyàwó kan. Aṣọ náà kún itan mi, àwo ìlẹ̀kẹ̀ wà lórí rẹ̀, bí mo bá fi lè dìde, gbogbo rẹ̀ á dà sílẹ̀. Mo ti fi sídì yín sí i kí n máa fetí gbọ́ ọ. Fíìmù parí, mi ò lè dìde. Rìmóòtù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ni mo bá fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo rò pé mo ń pa ẹ̀rọ náà. Kò kú. Orin fíìmù tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, àṣé bónọ́ọ̀sì ni mo tẹ̀. Òṣèré obìnrin kan jáde, ó ń kí gbogbo ará ilé rẹ̀ lórúkọ-lórúkọ, mo pòṣé. Mo ní ẹ ò purọ́, ìpolówó lásán ni.

Ni igi máńgòrò wa bá jáde, tẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lábẹ́ rẹ̀!

Mo pariwo, Bàbá. Ìlẹ̀kẹ̀ dà sílẹ̀ gburugburu, mi ò bojú wò ó. Ẹ dúró níbẹ̀ tẹ̀yin ti fìlà yín, ẹ gbé ejìká sókè. Arìnrìn-àjò dé, ó kí yín, ó bi yín léèrè ọ̀nà Alafiarou. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín gbọọrọ sápá ọ̀tún. Ni ọ̀gá wọn bá pariwo láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ:

“Ẹ dúró! Baba, apá òsì la ní kẹ́ ẹ nawọ́ sí. Ibẹ̀ ni oòrùn ti dáa.”

“Alafiarou ò sí lápá òsì, ọmọ mi. Odò tí màlúù ti ń mumi ló wà níbẹ̀.”

“A mọ̀, Baba. Fíìmù ni.”

“Ó yé mi. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.”

Wọ́n tún un ṣe. Ẹ tún nawọ́ sápá ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, Bàbá! Mo kà á. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọ̀gá wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di orí mú. Ní ìkarùn-ún, ó bẹ̀ yín pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ wá sún mọ́ ọn bí ẹ ṣe máa ń sún mọ́ èmi náà tí mo bá ṣàṣìṣe, ohùn yín ò tilẹ̀ le.

“Bí àlejò kan bá wo fíìmù yín, tó wá gba ibẹ̀ lọ, tí ilẹ̀ ṣú bá a nínú igbó, ta ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ẹ kúkú yí ẹ̀rọ yín. Ọ̀nà ò ṣeé yí.”

Ní ìkẹfà, kí ẹ tó nawọ́ rárá, arìnrìn-àjò náà fúnra rẹ̀ ti kọrí sápá ọ̀tún. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, eyín yín tó ká lápá òkè yẹn hàn gbangba. Áà, ìjiyàn tí ẹ borí nìyẹn! Ẹ borí débi pé wọ́n yọ yín kúrò nínú fíìmù.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ bó ṣe jẹ́ fún wa? Ṣé ẹ rò pé wọ́n á lò ó bẹ́ẹ̀ ni, àbí ẹ mọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́, ẹ wá gbé e mì?

Mo ti wá wo bónọ́ọ̀sì gbogbo sídì tó wà nílé láti ọjọ́ náà. Ọkọ mi ní orí mi ti yí. Kí n má purọ́ fún yín, ẹ ò jẹ̀bi tán. Nínú ọ̀kan, àwọn òṣèré kàn ń jẹ ìrẹsì ni. Nínú òmíràn, olùdarí dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo àgbáyé títí oorun fi gbé mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè fo ẹyọ kan mọ́. Bóyá bàbá ẹlòmíràn wà níbẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọwọ́ kúrò nínú àwo.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gun ọ̀kadà zémìjàn, mo gbé sídì náà sínú àpò, ó di Kika. Mi ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnì kankan. Mo ní kí tonton Gàníyù bá mi fi fíìmù yín hàn nítorí ìrántí yín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ kú ìrántí Bàbá Fíìmù o. Ilé kún. Ìyá jókòó níwájú, níbi tí ẹ jókòó sí nígbà yẹn. Nígbà tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tonton Gàníyù dìde láti lọ pa gúrúpù. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Mo ní kó jókòó, mo sì tẹ rìmóòtù.

Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ní ìgbà kejì tí ẹ nawọ́ sápá ọ̀tún, ariwo ti gba ilé. Àwọn kan ń ké sí yín pé “Ọ̀tún ni, Bàbá, ọ̀tún ni, ẹ má gbà fún wọn!” Ìyá nìkan ni kò pariwo. Ó ní, “Fìlà tí mo fọ̀ fún un nìyẹn. Mo ti ní kó má máa fà á bo etí.” Tonton Gàníyù rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

“Mais attends, ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin tí ò gbà láti purọ́ nínú eré, òun la sọ di onírọ́ ní Kika yìí? Pardon, ọ̀rẹ́ mi. Pardon o.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò mọ̀ pé inú ilé wa ló ti máa ṣẹ.

Bàbá, ó ku ẹyọ kan. Èyí tó kẹ́yìn bónọ́ọ̀sì náà ni, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ láìsunkún. Ẹni tó ń ya fíìmù béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí ẹnì kan. Ẹ wá ibi tí ẹ máa wò, ẹ ò mọ̀ ọ́n, wọ́n fi hàn yín. Ẹ sún mọ́ ọn jù, ojú yín kún gbogbo tẹlifíṣọ̀n.

“Mo kí ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Tchaourou. Ọmọ mi, ṣé o rí mi?”

Ẹ ń dúró de ìdáhùn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ tẹ etí yín sílẹ̀ díẹ̀ pàápàá. Gbogbo ilé tonton Gàníyù yíjú sí mi, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ni mo bá dìde dúró láàárín gbogbo wọn, mo sì fi ohùn òkè dá yín lóhùn kí àwòrán náà tó lọ.

Mo rí yín, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, aránṣọ Tchaourou