Abẹ́rẹ́ Àdùkẹ́ àti Àwọn Àna

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ó rẹ̀ mí. Àwọn ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Bọ́lá, ọmọ ọmọ mi, wá láti Ìgbájọ lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé wọ́n á kọ́kọ́ wádìí bóyá wèrè wà nínú ìdílé? Ìgbà yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì tó máa ń gún ọmọ mi, Àdùkẹ́, lábẹ́rẹ́ ọpọlọ lóṣooṣù wọlé.

"Ẹ kúulé o, Màmá. Àdùkẹ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ ṣìlé. Kò sí Àdùkẹ́ níbí."

Ó wo àwọn àlejò, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú, ó sì lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò pé ìṣẹ́jú kan. Àdùkẹ́ jáde láti yàrá, ó sáré gba àárín wa kọjá.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró dè mí o!"

Àwọn àna ní a ó gbọ́ látọ̀dọ̀ wọn. Bọ́lá kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́ padà dé, ó ń tiro díẹ̀.

"Màmá, wọ́n ti gún mi. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo ní rárá. Ó gbé iṣu kaná fún mi.

Ì bá tiẹ̀ bú mi.