Ẹni Tó Ya Àmì Àjọ̀dún Orin

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kẹfà

"Èmi ni mo yà á. Àfẹ́sọ́nà mi kàn bá mi kun àwọ̀ sí i ni."

Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín, àfẹ́sọ́nà mi, nìyẹn, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ àjọ̀dún orin ìgbà ooru. Akọ̀wé wọn fi àkọsílẹ̀ ìpàdé ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ojú ìwé kejì, ìlà kẹsàn-án. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo lu ihò sí i, mo fi í sínú fáìlì.

Láti pólì la ti jọ ń ṣiṣẹ́: èmi ń yàwòrán, òun ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó ti wá sọ̀rọ̀ báyìí.

Ọjọ́rú, 3 oṣù kẹfà

Ojú ìwé kẹta, àkọsílẹ̀ kan náà. Alága bi í pé kí ni àmì náà dúró fún. Ó ní abọ́ ni — abọ́ tí orin kún inú rẹ̀.

Kì í ṣe abọ́. Ẹnu ni. Ẹnu òun gan-an, bó ṣe là á rẹ́rìn-ín lórí ìlà ìforúkọsílẹ̀ ní pólì, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ibi kékeré tó kán létí rẹ̀ lókè, eyín rẹ̀ tó kán ni. Ìwé mọ́kànlélógójì ni mo yà á sí kí ìlà náà tó gbà. Gbogbo wọn ní nọ́ńbà àti ọjọ́. N kò sọ fún un rí. Mo ń dúró de ìgbà tí wọ́n bá gbé e kọ́ sókè pèpéle, kí n lè sọ ọ́ sí i létí.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ àwòrán ba ìgbéyàwó oṣù kẹjọ jẹ́. Mo ṣàlàyé pé orúkọ ẹni tó ya àmì ni wọ́n máa tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ètò, ẹni náà ni wọn yóò sì pè fún iṣẹ́ tọdún tó ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Orúkọ wo lò ń jà sí, àbúrò mi? Ṣebí orúkọ rẹ̀ náà lo fẹ́ máa jẹ́ láti oṣù kẹjọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹfà

N kò sunkún títí di aago mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, mo sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kẹfà

Bàbá Atẹ̀wé, tó ń bá wa tẹ gbogbo iṣẹ́ wa, ránṣẹ́ pè mí. Bánà ńlá iwájú pèpéle ti jáde. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n dúró tì í, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. "Ìyàwó wa, ṣé àwọ̀ ọsàn lẹ ní ká tẹ̀ ni, àbí ẹ̀dọ̀?"

Ẹ̀dọ̀ ni lóòótọ́. Fáìlì ojú kọ̀ǹpútà ni Ẹlẹ́rìn-ín fi ránṣẹ́ sí wọn. Iná ló ń mú àwọ̀ yẹn tàn lójú kọ̀ǹpútà. Ìnkì kò ní iná nínú. Èèyàn gbọ́dọ̀ tún un pò fún bébà: pupa díẹ̀, ìyeyè púpọ̀, kí dúdú má kàn án rárá. Ẹni tó bá ti po àwọ̀ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo lè máa lọ sílé. Mo rò ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ mí. Mo fún Bàbá ní fáìlì tó tọ́. Bánà kejì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹnu náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹ̀rọ, àwọ̀ ọsàn tó mọ́ roro. Bàbá fún mi ní àga. Wọ́n ní mo fajú ro.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kẹfà

Ẹlẹ́rìn-ín wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bánà, òun mọ̀ pé n kò ní jẹ́ kí ojú ti òun. Ní ti ìpàdé, ó ní ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni, pé àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ràn kí ẹnìkan ṣoṣo máa dá wọn lóhùn. Mo bi í ní ìbéèrè kan péré: ibi tó kán létí àmì yẹn, kí ni?

Ó wò ó. Ó tún un wò dáadáa — ọdún mẹ́fà la ti jọ wà.

"Àbí ọwọ́ ẹ ló yẹ̀ níbẹ̀? Ó ti ń ṣe mí bíi kí n bá ẹ tún un ṣe."

Ọwọ́ mi. Ó jẹ́wọ́, kò sì mọ̀. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń fi ahọ́n kan eyín tó kán náà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ bó bá ń ronú.

Ọjọ́rú, 10 oṣù kẹfà

Mo kọ lẹ́tà sí i. Ojú ìwé kan, ẹ̀dà méjì. Kí ó kọ̀wé sí alága fúnra rẹ̀ pé èmi ni mo ya àmì náà, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bí kò bá ṣe é, èmi alára yóò lọ jókòó níwájú ìgbìmọ̀. Òrùka wà nínú àpòòwé kan náà. Ìyẹn kò nílò èsì.

Ọ̀sán Ẹtì ni ìwé ètò yóò wọ ẹ̀rọ. Mo fún un di aago méjìlá ọ̀sán, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà.