Ife Kọfí Bàbá Layth

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà
Ìpàdé pẹ̀lú Òṣùwọ̀n. (Díìnì, olórí fákọ́tì wa, ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — nínú ìwé yìí nìkan o.) Ó ní olùkọ́ tí máàkì rẹ̀ bá kéré jù ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, Yunifásítì kò ní tún àdéhùn onítọ̀hún ṣe mọ́. Èmi olórí ẹ̀ka ni n ó fi máàkì tèmi kún ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo wo ìsàlẹ̀ pátápátá: Bàbá Layth, ìyẹn Dókítà Muflih, tó kọ́ mi ní ewì nígbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì hù.

Kíndìnrín Ìyá Layth ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Káàdì ìlera Yunifásítì ló ń sanwó rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá lọ, káàdì lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà
Mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, bí òfin ti wí. Ó túmọ̀ ewì kan, ó dùn létí. Ó ṣe díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ewì kan náà, kò mọ̀. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù. Ó wù mí kó jẹ́ pé wọ́n ń fi máàkì wọn purọ́ mọ́ ọn ni. Wọn ò purọ́. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ
N kò tíì kọ máàkì kankan fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án
Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Layth wá sílé wa pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n múra bí ẹni tó ń lọ tọrọ ìyàwó. Rima ìyàwó mi gbé kọfí kíkorò wá. Bàbá Layth gba ife, ó gbé e kalẹ̀, kò fẹnu kàn án.

Kò sí ọmọ Jordan tí kò mọ èyí. Àlejò tó gbé kọfí kalẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló bá wá. Bí onílé bá ti ní kó mu ún, ẹ̀bẹ̀ gbà. Onílé tó gbọ́n a kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Èmi ńkọ́? Olùkọ́ mi jókòó nílé mi, kọfí ń tutù níwájú rẹ̀, ojú gbà mí tì. "Ẹ mu kọfí yín, ọ̀gá mi." Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Ó mu ún láìsọ ohun tó wá tọrọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣàdúrà fún mi títí dé ẹnu ọ̀nà.

Rima bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo fún wọn. Mo ní mo mọ̀. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá
Mo fún un ní gbogbo máàkì tó wà lọ́wọ́ mi. Ó gòkè. Ẹni tó wá bọ́ sísàlẹ̀ — Hanin. Hanin tó bímọ nígbà òtútù, tó ń kọ́ni pẹ̀lú oorun lójú, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tìtorí ẹ̀ gé máàkì rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò níṣẹ́. Mo fa ẹnì kan jáde nínú kòtò, mo ti ẹlòmíràn sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá
Ní ẹ̀ka wa, ògiri létí. Hanin ti gbọ́. Ó dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní ṣé òun ṣẹ̀ mí ni. Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, Dókítà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Bàbá Layth wà lókè àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá
Ó wá sí ọ́fíìsì mi, òun nìkan. Mo bu kọfí fún un látinú fláàsì. Ó gbé e kalẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí mo béèrè ohun tó fẹ́.

"Dá mi padà síbi tí o ti gbé mi, Nawwaf."

Mo ní Ìyá Layth ńkọ́.

"Òun ló rán mi. Ó ní òun ò lè fi wàrà ọmọ Hanin fọ ẹ̀jẹ̀." Ó wo fèrèsé. "Ewì ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo túmọ̀ ẹ, àbí?"

Mo jẹ́ kí kọfí tutù. Ó ń dúró dè mí, bó ti máa ń dúró de ọmọ kíláàsì tí kò mọ ìdáhùn, láìkanjú. Omijé bọ́ lójú mi.

"Ẹ mu kọfí yín, ọ̀gá mi."

Ó mu ún ní tútù. Ó wá mi ife náà bí a ti ń mì ín kí wọ́n má bàa bu òmíràn fúnni: ó tó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Mo yọ máàkì tí mo fi kún un, mo fi orúkọ Bàbá Layth ránṣẹ́. Òṣùwọ̀n fèsì lójú ẹsẹ̀. Ó ní mo mọ iṣẹ́ mi í ṣe.