Koríko Rélùwéè Yín

Bàbá Wúrà,

Èmi ni mo da koríko rélùwéè yín nù. Mo bá a nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíṣínì láàárọ̀ yìí, mo ṣebí ẹ̀fọ́ tó gbẹ ni. Ìgbà tí àwọn kólẹ̀kódọ̀tí ti kó o lọ ni mo rántí pé lẹ́búlẹ́bú pákó tí ẹ pa láró ni, tí ẹ fẹ́ fi ṣe koríko sí rélùwéè kékeré tí ẹ ń kọ́. Ẹ má bínú. Àmọ́ kí ẹ máa sọ fúnni tí ẹ bá gbé nǹkan síbi tí a ti ń dáná.

Mo wọ yàrá Wúrà tí ẹ tẹ́ rélùwéè náà sí, mo lọ wò ó bóyá ó ṣẹ́ kù. Mi ò wọ ibẹ̀ rí láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti kó lọ sí Leeds. Mo rí ọkọ̀ ojú irin eléèédú àtijọ́ yẹn, kò ju ọwọ́ mi lọ. Mo rí ibùdókọ̀ rélùwéè ìlú wa tí ẹ fi pákó kọ́, àti ìjókòó tí mo ti dúró dè yín lọ́jọ́sí. Ẹ ti ṣe ère ara yín sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, pẹ̀lú báàgì yín. Ìjókòó ṣófo.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, bí ẹ bá ti ń ti ibi iṣẹ́ dé, èmi ń sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì Barking lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ mi. Rédíò ni mò ń bá jẹun.

Ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Mi ò níṣẹ́ ní Sátidé, èmi fúnra mi ni màá pa lẹ́búlẹ́bú mìíràn láró. Kó tó dìgbà náà, ẹ ṣe ère obìnrin kan sórí ìjókòó yẹn. Kó má rẹ́rìn-ín. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó dè yín lọ́jọ́ náà, mi ò sì lọ sílé.

Moṣọpẹ́