Fọ́tò Táyé Ni Mo Fi Di Coach

Ẹni tó sanra nínú fọ́tò yẹn kì í ṣe èmi. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi, torí tí àwọn èèyàn mi ní Yaba bá fi mọ̀ pé èmi ni mo kọ nǹkan yìí, mo gbé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka page yìí, mo mọ̀ pé ẹnu yín mú, mo máa ń rí ohun tí ẹ ń sọ sí àwọn ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi... mo ti bú ara mi tó. Ohun tí mò ń wá ni ọ̀nà tí mo máa gbà jáde.

Coach ni mí. Mò ń kọ́ àwọn obìnrin ní eré ìdárayá kí wọ́n lè jò. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ayédèrú ni mí o, èmi náà ti jẹ́ òròbó rí, òròbó gidi. Ìbejì ni wá, èmi àti Táyé. Mushin ni wọ́n bí wa sí, ojú kan náà, ohùn kan náà, ìdí kan náà. Tí a bá ń bọ̀ ládùúgbò, wọ́n á ní ẹ sún kúrò lọ́nà, tírélà méjì ń bọ̀. Táyé á dá wọn lóhùn, á tún máa mi ìdí sí wọn, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò ní irú ẹ̀mí yẹn. Ilé ni mo máa ń sá wọ̀ lọ sunkún. Tí wọ́n bá sì ti gbé kámẹ́rà jáde báyìí, ẹ̀yìn Táyé ni mo máa fara pamọ́ sí, títí a fi dàgbà, títí ó fi lọ́kọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ìyá wa. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ló kàn ṣubú, kò dìde mọ́. Lẹ́yìn tí a sin ín tán, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, gbogbo ìgbà tí ọkàn mi bá ti lù kì báyìí, mo rò pé ó ti dé nìyẹn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Akọ̀wé ni mí ní iléeṣẹ́ kan nígbà yẹn, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ mo ti máa rìn láti ilé tí mo ti kó lọ sí ní Surulere dé Ojúẹlẹ́gba kí n tó yí padà, ẹsẹ̀ á wú, itan á bó, mo dín ẹ̀bà kù, mo fi mínírà sílẹ̀ pátápátá... kò sẹ́ni tó bá mi ṣe é. Èyí kì í ṣe irọ́, òógùn mi ni. Nígbà tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára mi, àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ṣé kò sí o, ṣé mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò, torí ẹ mọ̀ wá, tí èèyàn bá ti jò, àìsàn ni. Táyé nìkan ló dì mọ́ mi tó ń fò sókè. Ó ní òun ti rí ibi tí òun máa wọ̀ sí nínú aṣọ mi àtijọ́, torí tòun ti ń fún òun.

Àwọn obìnrin inú ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi rìn, ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, títí tí Àlàájà kan tó ní gym ní Yaba fi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun fẹ́ràn mi, kí n wá máa bá òun kọ́ àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n kí n mú fọ́tò ìgbà tí mo sanra wá, torí ta ló máa gba èèyàn gbọ́ láìrí “before”? Mo délé, mo tú fóònù, mo tú àpótí ìyá wa. Apá mi nìkan ni mo rí. Iwájú orí mi nìkan. Gbogbo ibi tí mo ti sanra, ẹ̀yìn Táyé ni mo wà.

Mo bá rí èyí tí Táyé yà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀. Gáùnù pupa ló wọ̀, ó jókòó sórí àga oníke níwájú ilé wọn ní Ìwáyà, ó gbé ọmọ tuntun náà sápá, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ojú rẹ̀ ti pa dé. Mo ní, ṣebí ojú kan náà ni? Ṣebí bí èmi náà ṣe sanra nìyẹn? Ta ni mo pa lára? Mo gé ọmọ náà kúrò, mo fi ránṣẹ́ sí Àlàájà. Ṣé irọ́ nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi? Títí di òní yìí mi ò tíì lè dáhùn ìbéèrè yẹn... ara tó wà níbẹ̀ jọ ara mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara mi.

Orúkọ ló kù. Kẹ́hìndé ni mí, ẹ sì mọ̀ pé kò sí bí Kẹ́hìndé ṣe lè fi ìkejì rẹ̀ pamọ́, orúkọ yẹn ló máa tú u. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ, kó tó jókòó, á ní Táyé ńkọ́? Ní báǹkì, Táyé ńkọ́? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Táyé ńkọ́? Gbogbo ayé mi ni mo fi dáhùn ìbéèrè yẹn. Mo bá fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ sí Mushin. Orúkọ mi kejì ni mo mú lọ sí Yaba, láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè Táyé mọ́.

Mo fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀. Gym kún. Àlàájà fi fọ́tò náà ṣe bánà gàgàrà, ó gbé e kọ́ ògiri gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe eré ìdárayá, Táyé lọ́wọ́ òsì, èmi lọ́wọ́ ọ̀tún. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló dúró sí, bóyá mi ò ní máa kọ ọ̀rọ̀ sí yín. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kan, ó ti rẹ gbogbo wọn, wọ́n ń fa ẹsẹ̀, mò ń wá ohun tí mo máa fi ta wọ́n jí, mo bá yọ táwẹ̀lì ọrùn mi, mo sọ ọ́ lu fọ́tò ọwọ́ òsì yẹn, mo pariwo pé “Mi ò mọ̀ ẹ́ mọ́!” Inú wọn dùn kọjá sísọ. Gbogbo wọn yọ tiwọn. Ó wá di àṣà wa, tí kíláàsì bá ti parí, wọ́n á tò, wọ́n á máa sọ táwẹ̀lì olóòógùn lu Táyé lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò mọ̀ ẹ́ mọ́, mi ò mọ̀ ẹ́ mọ́... Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn míì tìtorí ẹ̀ wá, wọ́n ní ó ń tú àwọn lára.

Ohun kan tún wà. Mi ò gé ọmọ yẹn tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ kù díẹ̀ ní igun fọ́tò, lábẹ́ apá ìyá rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wò ó títí, ó ní Coach, búrẹ́dì lẹ gbá mọ́ra báyìí? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní ebi ló ń pa mí nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ ọmọ àbúrò mi. Mo jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní búrẹ́dì, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é nìyẹn títí dòní.

Táyé ò mọ nǹkan kan. Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni ní Ìwáyà, ilé, iléèwé, ọkọ, ọmọ, kì í sábà dé apá ibi tí gym wà. Lọ́jọ́ kan obìnrin kan nínú kíláàsì mi rí i ní ọjà Tejúoṣó, ó fò mọ́ ọn, ó ní Coach, kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé ẹ ti padà síbẹ̀ ni? Táyé rò pé orí obìnrin náà ò pé, ó pè mí ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wá bá èmi náà, ó ní òun rí ẹnì kan tó jọ “before” yín, mo ní ayé kún fún àwọn tó jọra wọn. Wẹ́rẹ́ báyìí ni mo sọ ọ́, àfi bíi pé ọ̀rọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ ni.

Ẹ wá wo ibi tó dé báyìí. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Táyé. Ó lọ sí ọsibítù ní Ìdí-Àràbà, wọ́n wọn BP rẹ̀, dókítà bi í pé kí ló pa ìyá rẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó dín sísanra kù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Dókítà ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Táyé fi ní òun lẹ́gbọ̀n-ọ́n tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Láti ọsibítù níbẹ̀ ló ti pè mí, ó ní “Kẹ́hìn, ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀?” Inú rẹ̀ ń dùn. Mo ní kíláàsì ti kún. Ó tún pè, mo ní wọ́n ń tún gym ṣe. Mo ní kí n máa wá kọ́ ọ nílé, mo lọ bíi ẹ̀ẹ̀mélòó kan, àwọn ọmọ ń gùn ún lẹ́yìn, ó ní òun ò lè ṣe é níbí, òun fẹ́ wà láàárín àwọn obìnrin yòókù, òun fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni Coach. Mi ò lọ mọ́. Mo bẹ Àlàájà pé kí a yọ bánà yẹn kúrò, pé ó ti gbó. Àlàájà ní bánà yẹn ló ń bá òun pe èèyàn wọlé, òun tiẹ̀ ti sọ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ fún gbogbo wa. Kí ni mo fẹ́ sọ? Tí mo bá sọ òótọ́, ta ló tún máa gbà pé mo ti sanra rí? Èmi tí mo rìn títí itan fi bó, ẹ̀rí wo ni mo ní?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òòyì kọ́ Táyé níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, àwọn ọmọ rò pé eré ni, wọ́n jókòó tì í. Òun ló sọ ọ́ fún mi, ó tún ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún bíi ìgbà tí wọ́n ń pè wá ní tírélà.

Ní Tuesday, ọmọbìnrin tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà gym pè mí. Ó ní “Coach, ẹ ò sọ fún wa pé ìbejì ni yín o.” Ó ní Táyé yín wá, ó ti register fún Sátidé, ó ní kí n má sọ fún yín, surprise ni, àmọ́ mi ò lè pa á mọ́ra. Mo bi í pé ṣé ó wọ inú gbọ̀ngàn? Ó ní ó ṣeé ṣe, torí ó ní òun fẹ́ yọjú wo ibẹ̀, òun ń dá ẹnì kan lóhùn lórí fóònù, òun ò wo ibi tó lọ. Mo bi í pé kí lo sọ fún un? Ó ní ohun tí òun ń sọ fún gbogbo èèyàn ni, kó mú omi, kó wọ kánfáàsì, kó mú táwẹ̀lì dání. Ṣé o sọ ohun tí a ń fi táwẹ̀lì ṣe? Ó ní òun ò rántí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìbejì ni mí, ó ní kí ló dé, mo mọ̀ pé ó ti ń rò ó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Táyé pè. Ó kí mi, ó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ó ní òun ti ra kánfáàsì, ó ń ta òun lẹ́sẹ̀ díẹ̀. Ó ní “Kẹ́hìn, ṣé kí n mú táwẹ̀lì tèmi wá?” Mo ní kí ló dé tó fi béèrè. Ó ní òun kàn ń béèrè ni. Ohùn rẹ̀ ò yí padà... àbí ó yí padà? Ohùn tèmi náà ni, láti inú oyún ni mo ti ń gbọ́ ọ, síbẹ̀ mi ò lè sọ bóyá ó ti rí ara rẹ̀ lára ògiri yẹn tàbí kò tíì rí i. Mo ní mo máa pè é padà. Mi ò tíì pè é.

Wọ́n ní èmi Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo rán an jáde síwájú pé kó lọ bá mi wò ó bóyá ayé dáa. Mo tún ti rán an síwájú lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wo ibi tí mo rán an sí. Tó bá wá ní Sátidé, tí wọ́n bá rí i, iṣẹ́ mi tán. Tí mo bá ní kó má wá, mo ti pa á, torí mo mọ̀ ọ́n, kò ní lọ sí ibòmíì, èmi ló ń dúró dè. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún un, mi ò mọ ojú tí mo máa fi wò ó, ojú kan náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìbejì lórí page yìí, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín, ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì náà, ẹ má wulẹ̀ kọjá lọ. Sátidé ti dé tán, ó ṣì ń dúró kí n pe òun. Kí ni kí n sọ fún Táyé, kó mú táwẹ̀lì wá, àbí kó má mú un wá?