Ṣé Èmi Nìkan Ni Àyẹ̀wò Kàn?

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí. Ó ti lé lọ́dún kan tí èmi àti ọkọ mi ti ń wá ọmọ, orí mi sì ti dàrú. Ìyá ọkọ mi ní kí n yé jókòó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Àǹtí mi ní ìrìn ni kí n dín kù. Ṣé kí n wá máa fò ni?

Nọ́ọ̀sì ní kí àwa méjèèjì jọ wá ṣàyẹ̀wò. Ọkọ mi fárígá: "Ṣé èmi ni màá lóyún ni?"

Ṣé lóòótọ́ ni kò kàn án? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn kó ṣe kedere. Kì í gbọ́ tèmi, àmọ́ kì í fi ètò yín orí rédíò ṣeré nídìí ààrò búrẹ́dì rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń kà á yìí, ó ń gbọ́.